Bí Ọmọ Yín Bá Wà Lọ́dọ̀ Alágbàtọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Ẹ̀dùn Ọkàn Yín Lórí Ìtọ́jú Rẹ̀ Kí Wọ́n Sì Gbọ́

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ wo àwọn ọmọ mi ní ilé alágbàtọ́ tí wọ́n wà ní apá Ọbáńtókò, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Èyí obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, jáde sí mi pẹ̀lú orí tí wọ́n ti fá kodoro. Irun tí mo ti ń fi òrí ra, tí mo sì ń dì ní ṣùkú fún un láti kékeré, kò sí mọ́. N kò béèrè ohunkóhun. Mo pariwo, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí obìnrin tí ó ń tọ́jú wọn, ojú àwọn ọmọ ni mo sì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kọjá kí n tó tún rí wọn. Ìgbà tí ara rọ̀ ni mo tó gbọ́ pé làpálàpá ti bo orí ọmọ náà, àti pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ní kí wọ́n gé irun náà kúrò kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀ tọ́jú. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi. Ẹ̀bi tiwọn nìyẹn, n kò sì tíì yí èrò mi padà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹjọ́ mi.

Oṣù mẹ́rìnlá ni àwọn ọmọ mi méjèèjì lò lọ́dọ̀ alágbàtọ́, nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ tí kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò mójú tó wọn. Nínú oṣù mẹ́rìnlá náà, n kò sùn kí n má ronú nípa ohun tí wọ́n jẹ, ẹni tí ó wẹ̀ wọ́n, àti orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n. Òbí tí ó bá wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni bí ìrora òbí ṣe lè di ọ̀rọ̀ tí alágbàtọ́, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tàbí adájọ́ lè tẹ́tí sí kí ó sì tún ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ irú àgbàtọ́ tí ó jẹ́

Àgbàtọ́ kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìyá àgbà tàbí àǹtí tọ́ dàgbà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ fà á lé mọ̀lẹ́bí tàbí ojúlùmọ̀ lọ́wọ́, kò sí fáìlì kankan ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹni tí ó wà láàárín yín lọ́jọ́ tí ẹ fa ọmọ náà kalẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ ọ́fíìsì wẹ́fíà ni ó mú ọmọ lọ, òṣìṣẹ́ kan wà tí fáìlì ọmọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì mọ ọjọ́ tí ó máa ń wà ní ọ́fíìsì. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin àti ìdàgbàsókè àwùjọ ni ọ̀rọ̀ ọmọ àgbàtọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, Òkè-Mọ́sàn sì ni sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ wà.

Bí ó bá jẹ́ pé kóòtù ni ó pàṣẹ, ẹ gba ẹ̀dà àṣẹ náà, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀wé òfin ka gbogbo rẹ̀ fún yín, pàápàá ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí ẹ lè rí ọmọ àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti pinnu ọ̀rọ̀ ìwòsàn àti ilé-ìwé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní 2006. Òfin yìí ni ó dá kóòtù ẹbí sílẹ̀ láti máa gbọ́ ẹjọ́ tí ó kan ọmọdé. Bí owó agbẹjọ́rò kò bá sí, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ̀dùn ọkàn yín

Ìgbésẹ̀ yìí ni ó ṣòro jù, òun náà ni ó sì ṣe mí láǹfààní jù. Nígbà tí mo tún fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí ó ń mójú tó wa ní kí n ka gbogbo ohun tí ń bí mi nínú fún òun. Mo ka nǹkan mọ́kànlá. Ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó sì bi mí léèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, “Ìyá, ta ni èyí ń dùn, ẹ̀yin ni tàbí ọmọ?” Inú bí mi sí ìbéèrè náà, nítorí mo rò pé ó ń gbè lẹ́yìn alágbàtọ́. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé òótọ́ ló sọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí ó jẹ́ pé àṣà ilé kan ló yàtọ̀ sí ti òmíràn. Èmi a máa ro láfún fún àwọn ọmọ mi lálaalẹ́ pẹ̀lú ewédú. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Mo ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń yó, ara wọn sì ń le. Bákan náà ni aago tí wọ́n ń sùn àti aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ nílé. Ẹ jẹ́ kí irú èyí lọ. Bí ẹ bá kó o mọ́ ẹjọ́ tí ó wúwo, yóò sọ ẹjọ́ tí ó wúwo náà di yẹpẹrẹ lójú ẹni tí ń gbọ́ ọ.

Àwọn kan wà tí kò ní pa ọmọ lára lónìí, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń pe Àbẹ̀kẹ́ mi ní orúkọ gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún un fúnra wọn. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń bá a sọ, títí tí ó fi di pé bí mo bá kì í, yóò kàn máa wò mí. Òbí mìíràn jẹ́ mùsùlùmí, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ń mú ọmọ rẹ̀ lọ; tàbí kí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989, tí Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ní 1991, sọ ní abala kẹjọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀, ó sì sọ ní abala ogún pé bí ọmọ kò bá lè gbé lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, kí wọ́n ro ti ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, àṣà rẹ̀ àti èdè rẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n bá fi í sí. Ẹ mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá ní pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mú un wá.

Ìyókù ni ohun tí ń pa ọmọ lára: oúnjẹ tí kò tó, àìsàn tí a kò tọ́jú, ẹgba, iṣẹ́ tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, ilé-ìwé tí kò lọ. Àwọn wọ̀nyí kò ní sùúrù nínú, n ó sì padà sórí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ra ìwé kan, kí ó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ wò ó tàbí tí ẹ bá pè é lórí fóònù, ẹ kọ ọjọ́, aago, ohun tí ẹ fojú ara yín rí, ohun tí ọmọ sọ, àti ohun tí alágbàtọ́ fèsì. Ẹ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ìwé tèmi, ohun tí mo kọ lọ́jọ́ kan nìyí (Mọ́mì ni mo ń pe obìnrin tí ó ń tọ́jú wọn):

“Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo rí i pé etí ọ̀tún Àbẹ̀kẹ́ ń ṣe ọyún. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin. Mọ́mì ní àwọn ti kán oògùn sí i, àwọn kò tíì lọ sí ilé ìwòsàn. A fi àdéhùn sí pé Mọ́ńdè ni wọn yóò lọ.”

Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo pè, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé wọ́n ti lọ, àti orúkọ oògùn tí wọ́n fún un. Ẹ fi èyí wé “wọn kì í tọ́jú ọmọ mi dáadáa,” tí mo ti ń sọ kiri fún oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Bí ẹ kò bá lè kọ̀wé, ẹ sọ ọ́ sínú fóònù yín ní kété tí ẹ bá jáde nílé náà, kí ẹ dárúkọ ọjọ́ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún kọ ohun rere tí ẹ bá rí sílẹ̀. Ìwé tí kìkì ẹ̀sùn kún inú rẹ̀ kì í pẹ́ dà bí ìwé ọ̀tá lójú ẹni tí ń kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ ẹni tí ọmọ yín jẹ́ fún alágbàtọ́

Ọ̀pọ̀ ohun tí ń bí òbí nínú ló jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó sọ fún alágbàtọ́. Wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò aṣọ kan, wọ́n sì lọ. Ẹ wá ojú ewé kan, kí ẹ kọ oúnjẹ tí ó kọ̀ fún un, ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, oríkì rẹ̀, irú irun tí ẹ ń dì fún un àti ohun tí ẹ fi ń pa á, àdúrà tí ó ń gbà kí ó tó sùn, àti gbogbo ọ̀rọ̀ àìlera rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ àti èsì jẹnótáìpù rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí. Àkànní, ọmọ mi ọkùnrin, ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ tí ó ní àrùn yìí gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, nítorí bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í ṣàn geere, ìrora a sì dé. Àrùn náà kan náà kì í jẹ́ kí kídìnrín rẹ̀ lè fa omi padà láti inú ìtọ̀ bí ti àwọn ọmọ yòókù, nítorí náà ìtọ̀ rẹ̀ a máa pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa tọ̀ sílé títí wọn yóò fi dàgbà díẹ̀. Mọ́mì tí ó ń tọ́jú wọn rí i pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ń tọ̀ sílé, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá yóò ṣe: kò fún un lómi mọ́ bí ó bá ti di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Àánú ló mú un ṣe é, kí ọmọ má baà máa fi ojú ti ara rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ yòókù. Nígbà tí mo gbọ́, ara mi gbọ̀n. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ló sì lè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Èmi ni ó yẹ kí n ti sọ fún un láti ọjọ́ kìíní, òṣìṣẹ́ tí ó fi ọmọ síbẹ̀ náà ni ó sì yẹ kí ó ti béèrè lọ́wọ́ mi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ́kọ́ bá alágbàtọ́ sọ ọ́, lójúkojú

Ẹ má sọ ọ́ lójú ọmọ. Ẹ má sọ ọ́ nígbà tí ó ń dáná tàbí nígbà tí àlejò wà nílé. Ẹ pè é ṣáájú, kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ kí i dáadáa, kódà bí ọkàn yín bá ń gbóná, nítorí òun ni ó dìde lóru àná nígbà tí ọmọ yín wúkọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lọ.

Báyìí ni mo ṣe wọlé ọ̀rọ̀ omi yẹn: “Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú àìsùn. Ẹ jọ̀ọ́, mo wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí omi tí Àkànní ń mu lálẹ́. Ẹ̀bi mi ni pé n kò tètè sọ fún yín.” Mo ṣàlàyé àìsàn náà fún un. Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Ìyá Àkànní, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń dìde lóru pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀? Fóòmù náà ti bàjẹ́.” N kò tíì ronú kan èyí rí. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ọjà Kútọ̀, mo ra ọ̀rá fífẹ̀ tí a máa ń tẹ́ sórí fóòmù àti aṣọ ìtẹ́sùn méjì. A fẹnu kò pé kí ó máa mu omi bí òǹgbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́, kí wọ́n máa jí i lẹ́ẹ̀kan lóru, kí ẹnikẹ́ni má sì fi títọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún gba ọjọ́ tí ó ń lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà sílẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ilé wọn.

Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán, ẹ béèrè pé, “Kí ni ẹ rò pé ó ṣeé ṣe?” Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́ lórí fóònù láti dúpẹ́, kí ẹ sì tún àdéhùn náà sọ nínú rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni yóò jẹ́ ẹ̀rí bí ọ̀rọ̀ bá tún padà wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí kò bá yí padà, ẹ kọ lẹ́tà

Ẹ fún àdéhùn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí nǹkan kò bá yí padà, ẹ gba ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àgbà tí ó wà láàárín yín bí ó bá jẹ́ àgbàtọ́ ti ẹbí. Ẹ má kàn lọ jókòó kí ẹ máa sọ ọ́ lẹ́nu. Lẹ́tà ojú ewé kan tó: orúkọ ọmọ àti ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ alágbàtọ́, ohun tí ẹ rí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ohun tí ẹ ti bá alágbàtọ́ sọ àti èsì rẹ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ohun tí ẹ fẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbàgbé. “Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ́fíìsì yín bá wa jókòó kí oṣù yìí tó parí, kí a lè fẹnu kò lórí ẹni tí yóò máa mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn” yàtọ̀ gedegbe sí “ẹ bá mi wò ó.”

Ẹ ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé tiyín kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ lè rán wọn létí pé abala kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú àdéhùn 1989 yẹn sọ pé ọmọ tí ìjọba bá fi síbìkan fún ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ìtọ́jú rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, àti pé abala kẹsàn-án fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti máa rí òbí rẹ̀ déédéé, àyàfi bí èyí bá lòdì sí ire ọmọ náà. Bí wọn kò bá dáhùn, ọ̀gá wọn ni kí ẹ kọ̀wé sí, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró de lẹ́tà

Bí ẹ bá rí ojú ẹgba tàbí iná lára ọmọ, bí ó bá sọ pé ẹnìkan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, bí ó bá ń kiri ọjà ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Làfẹ́ńwá nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé lòdì sí lílo ọmọ fún ọjà kíkiri, òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 sì sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀ranyàn àti ọ̀fẹ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà àti àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ ní kí wọ́n mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí dókítà lè kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ fífi ọmọ ṣe ẹrú tàbí gbígbé e lọ sí ìlú mìíràn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ pe NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, lórí 627.

Bí àṣẹ kóòtù bá wà nílẹ̀, ẹ má já ọmọ gbà fúnra yín. Mo mọ bí ó ṣe ń ṣe òbí nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fi agbára gbé e lọ ni ẹjọ́ yóò kúrò lọ́rùn ẹni tí ó lù ú, tí yóò wá bọ́ sọ́rùn yín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ fà á lé mọ̀lẹ́bí lọ́wọ́ tí kò sì sí àṣẹ kankan, ẹ lè mú un kúrò níbẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí àgbà kan bá yín lọ.

Nígbà tí ẹ bá wà pẹ̀lú ọmọ

Ẹ má fi gbogbo wákàtí kan yẹn bi í léèrè bí ọlọ́pàá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù àkọ́kọ́, Àbẹ̀kẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ó rò pé mo fẹ́ gbọ́. Ọmọ tí ó bá wà láàárín ìyá méjì tètè ń mọ ọ̀rọ̀ tí yóò mú inú ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn dùn. Ẹ di irun rẹ̀, ẹ bá a jẹun, ẹ kì í. Ọ̀rọ̀ a máa jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín bá wà nínú irun rẹ̀ tí kò sì rí ojú yín. Ohun tí ó bá sọ nígbà náà ni kí ẹ kọ sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́. Ẹ má bú alágbàtọ́ lójú rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni yóò sùn lálẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ àtipadà bá tó, ẹ lọ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ gba káàdì ìwòsàn, ìwé èsì ilé-ìwé, oògùn tí ó ṣẹ́kù àti bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí ẹ sì béèrè ohun tí ọmọ ti mọ́ lára níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ mi padà sílé, mo ro láfún, mo gbé e kalẹ̀, Àkànní ní òun fẹ́ ẹ̀wà tí wọ́n fi àgbàdo sè. Mo pe Mọ́mì lórí fóònù, mo sì bi í léèrè bí ó ṣe máa ń sè é fún un.